Bámisọ̀: ẹrù tí wọ́n rù gun Òkè Ìdànrè

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn. Bí mo bá fẹ́ sùn, yóò jí mi. Bí mo bá jókòó ti ìdí ààrò, yóò wá bá mi níbẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ló bi mí. Èkó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá kí mi ní Òdòde-Ìdànrè, ìlú wa tí ó wà ní ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè, ó ní òun fẹ́ gun òkè, mo sì tẹ̀ lé e lọ bí orúnkún mi ṣe gbà mí láyè. Nígbà tí a dé iwájú ààfin àtijọ́ lókè lọ́hùn-ún, tí atẹ́gùn ń fẹ́ lu wá lára, tí kùrukùru àárọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká kúrò lára àpáta, ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Àǹtí, kí ló dé tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ kúrò nírú ibi báyìí?"

Mo fún un ní èsì tí gbogbo wa máa ń fún àlejò. Mo ní ogun ti tán, ọ̀làjú ti dé, àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ ọ̀nà mọ́tò àti ilé ìwòsàn nítòsí. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi, nítorí pé mo mọ èsì mìíràn, èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹni tí wọ́n bí sórí òkè náà, tí n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ohun tí ojú àlejò ń tó

Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè mọ bí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ti rí. Ó lé ní 600, n kò sì tíì rí ẹni méjì tí wọ́n kà á lọ́jọ́ kan náà tí iye wọn dọ́gba, nítorí pé kí ènìyàn tó dé ìdajì, èémí tí ó ń wá ni yóò gbà á lọ́kàn ju ìṣirò lọ. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà fún ẹni tí àárẹ̀ bá mú. Bí a bá gòkè tán, ìlú àtijọ́ yóò yọ síni láàárín àpáta: ààfin Ọwá tí í ṣe ọba wa, kọ́ọ̀tù, ilé ìwé, ibi agogo, àti sàréè àwọn tí wọ́n ti lọ. Gara a máa sá wọ pàlàpálá àpáta bí ó bá gbúròó ẹsẹ̀. Àwọn àlejò a máa fi ẹsẹ̀ wọn wọn ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn, akọni inú ìtàn wa, tí ó wà lára òkúta, èyí tí àwọn àgbà sọ pé ó ń gba ẹsẹ̀ ọmọdé, ó ń gba ti àgbà, àfi ti àjẹ́. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ òkè náà sínú àkójọ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Inú mi dùn sí i, mo sì máa ń fi í yangàn níbikíbi tí mo bá dé.

Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò mi bi mí ní ìbéèrè yẹn, mo gbé ojú sókè, mo rí páànù tí ó ti dípẹtà lórí ilé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kò gun òkè yẹn rí. Ẹṣin kò lè tọ ojú àpáta bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òkúta, amọ̀ tàbí igi tí ó hù síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ọrùn ènìyàn ni ó gbà débẹ̀: páànù, ìṣó, ìlẹ̀kùn, agogo, tábìlì adájọ́, pátákó tí olùkọ́ ń kọ̀wé sí. Ìyẹn sì jẹ́ ohun tí wọ́n gbé lẹ́ẹ̀kan péré. Iṣu ńkọ́? Epo ńkọ́? Iyọ̀ ńkọ́? Igi ìdáná tí a óò sun tán lónìí, tí a óò tún nílò òmíràn lọ́la ńkọ́?

Alẹ́ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà tú gèlè

Ìyá tí ó bí bàbá mi ni mo ń pè ní Ìyá Àgbà. Orí òkè ni wọ́n bí i sí, ó sì ti di ọ̀dọ́mọbìnrin kí ìlú tó ṣí wá sí ìsàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ó kú ní 1989. Ní gbogbo ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, kò gun òkè mọ́, kódà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le dáadáa tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko kòkó tí ó sì ń bọ̀. Bí ọdún bá dé tí gbogbo ilé ń múra láti gòkè lọ ṣe orò, òun ni yóò dúró ṣọ́ ilé.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni. A ti kó kòkó tí a sá wọlé, àgbàlá sì ń rùn ẹkan-ẹkan bí ó ti máa ń rùn nígbà ìkórè. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń ṣa èèpo ẹ̀gúsí. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀ ń bẹ̀rù òkè ni?" Kò dá mi lóhùn. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró, ó sì tú gèlè. N kò rí orí rẹ̀ ní gbangba bẹ́ẹ̀ rí. Ó fà mí mọ́ra, ó mú ìka mi méjì, ó sì gbé wọn sí àárín gbùngbùn orí rẹ̀.

Irun kò sí níbẹ̀. Ibi tí ó pá náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ń dán, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ti ń gbé kanlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo rántí pé ó gbóná lọ́wọ́ mi, nítorí iná tí ó ti ń yá. Ó ní, "Àbẹ̀ní, òkè yẹn nìyí. Kí ni mo tún ń wá lọ síbẹ̀?"

Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé fún mi, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní láti ìgbà tí òun ti lè dúró dáadáa ni wọ́n ti ń gbé nǹkan lé òun lórí: kèrègbè kékeré lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkòkò, lẹ́yìn náà agbọ̀n iṣu tí ó jẹ́ pé ènìyàn méjì ní í gbé e runi. Orí òkè ní omi tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi náà a máa fà, wọn a sì sọ̀kalẹ̀ lọ wá òmíràn. Oko wà ní ìsàlẹ̀, nínú igbó tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, ilé sì wà lókè. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni ìyá rẹ̀ fi ń ká òṣùká fún un. Bí ewé náà bá ti fọ́ tán lábẹ́ ẹrù, awọ orí ni yóò kù láti gbà á.

Ó sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta lọ́jọ́ òjò kan, tí ìkòkò epo tí ó rù sì fọ́. Epo náà ṣàn lójú òkúta bí ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ni gbogbo àwọn tí wọ́n sáré dé fi bá a, wọ́n ń bi í bóyá ojú ń dùn ún ni tí kò fi wo ibi tí ó ń tẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnìkan tó rí i pé orúnkún rẹ̀ ti là. Ìyá Àgbà ní fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà, bí àwọn bá kọjá níbẹ̀, àwọn a máa rí èèrà tí wọ́n tò lọ sí ojú epo náà.

Ó sì sọ fún mi nípa òkúta kan. Kì í ṣe ojú àtẹ̀gùn tí a mọ̀ lónìí ni àwọn ará ilé wọn ń gbà ti oko bọ̀. Ní ojú ọ̀nà tiwọn, níbi tí ó ti le jù, òkúta kan wà tí orí rẹ̀ tẹ́jú tí ó sì ga tó ọrùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ru ẹrù rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí obìnrin bá sọ ẹrù wíwúwo sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí kò sì sí ẹnìkejì pẹ̀lú rẹ̀, kò ní lè dá a gbé mọ́; yóò dúró títí ẹni tí yóò gbé e rù ú yóò fi kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi òkúta yẹn, yóò tẹ orí ba díẹ̀, yóò ti ẹrù sórí rẹ̀, yóò mí, yóò nu ojú, yóò sì tún ki orí bọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá yá. Bámisọ̀ ni Ìyá Àgbà ń pe òkúta náà. Ó ní òkúta yẹn ṣe é lóore ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Mo bi í pé ṣé ìyẹn ni wọ́n fi sá kúrò lókè. Ó wò mí bí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dára, ó sì ń wé gèlè rẹ̀ padà. Ó ní, "A kò sá. A sọ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ohun tí ó sọ kò ju pé wọ́n rìn wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ dáadáa. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni ènìyàn fi ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tí ó sì fi ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti orí ara rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀, láìmọ̀ pé èsì ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ lò.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ní ìlú tí ó bá wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: iṣẹ́ wà lóko, ìsinmi wà nílé, àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà àárín wọn kò sì le ju ara wọn lọ. Ní Òkè Ìdànrè, ààbọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà ló kù nígbà tí ènìyàn bá kẹ́yìn sí oko. Òwúrọ̀ ni ọwọ́ máa ń ṣófo tí ọ̀nà sì ń lọ sísàlẹ̀; ìrọ̀lẹ́, tí ara ti rẹni, ni ẹrù wà lórí tí ọ̀nà sì ń gòkè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn láti ìran dé ìran.

N kò fi ojú kékeré wo ohun tí ó gbé wọn lọ síbẹ̀. Nígbà tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń kó ọmọ ẹni lẹ́rú ní ọ̀sán gangan, àpáta tí ọ̀tá kò lè gùn láìjẹ́ pé a rí i láti òkèèrè jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run. Àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Olúmọ, ìdí rẹ̀ náà sì ni àwọn ará Ìbàdàn fi ń bọ Òkè'Bàdàn. Ṣùgbọ́n ààbò náà kò dá dúró bí òkúta ti dá dúró. Àwọn kan ni wọ́n ń gbé e ró lójoojúmọ́, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú iṣu, pẹ̀lú igi ìdáná, nítorí pé ìlú tí ó wà lórí àpáta tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, ọ̀tá kò nílò láti gùn ún kí ó tó ṣubú. Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn Ọwá, mo ti gbọ́ ti àwọn akọni àti àwọn olóògùn. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ oríkì òṣùká. A tọ́jú ipa ẹsẹ̀ kan fún àlejò láti fi ẹsẹ̀ wọ̀n, a kò sì ní ohunkóhun tí a lè fi orí wọ̀n.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Mo máa ń gbọ́ kí àwọn àgbà ìlú fi òwe yìí bá àwọn ọ̀dọ́ wí nítorí òkè: ibẹ̀ ni orísun wa, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n èmi náà ti fi ọwọ́ kan orí kan tí òkè yẹn fi tẹlẹ̀.

Ìgbà tí ẹrù fúnra rẹ̀ yí padà

Ó ṣe mí ní kàyéfì pé wọn kò sọ̀ lọ́jọ́ tí ogun tán. Ní 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà lórí ogun Kírìjì, ní 1893 sì ni àwọn ọmọ ogun tú ká ní bùdó wọn. Síbẹ̀, ó gba nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí i kí ìlú wa tó ṣí. Mo gbà pé ẹni tí ogun ti lé rí kì í tètè gba ìròyìn àlàáfíà gbọ́. Ó di ìgbà tí ìran kan dàgbà tí kò mọ ìbẹ̀rù yẹn, tí ẹrù nìkan ni ó mọ̀ nínú ìgbésí ayé orí òkè.

Kòkó ló parí ọ̀rọ̀ náà, lójú tèmi. Iṣu tí a wà lónìí, a lè rù ú lọ sílé lónìí. Kòkó kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá fọ́ ọ tán, a ó bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ó lè kan, a ó sì máa yí i. Lẹ́yìn náà a ó sá a sóòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó máa rò ó, a ó sì máa sáré kó o wọlé bí òjò bá ṣú. Ẹni tí ń ṣe èyí kò lè máa sùn lórí àpáta. Àpò kòkó kan sì wúwo ju kílò 60 lọ, ìsàlẹ̀ ni oníbàárà wà, ìsàlẹ̀ náà ni mọ́tò ń dúró sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹrù tí ó níye lórí jùlọ nínú ilé kò ní ohun tí ó ń wá lọ sókè.

Mo máa ń fi tiwa wé ti àwọn ará Sukur, ní orí òkè Mandara ní ìpínlẹ̀ Adámáwá. Ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé, ní 1999. Àwọn fi òkúta to ẹ̀gbẹ́ òkè wọn ní ìpele-ìpele, wọ́n sì dá oko sórí ìpele náà, wọ́n wá tẹ́ òkúta sójú ọ̀nà tí ó lọ sókè. Wọ́n gbé oko lọ bá ilé. Ní tiwa, igbó kìjikìji ìsàlẹ̀ ló ní ọ̀rá ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè gbé igbó gun àpáta. Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ àwọn ará Sukur ti sọ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè.

Ohun tí ó ń wò láràárọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìyá Àgbà kórìíra òkè náà. Ilẹ̀ kì í mọ́ kí ó má jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó kọjú sí àpáta, kí ó sì kí i bí ẹni ń kí àgbà. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, yóò dákẹ́, yóò sì dẹtí. Ó ní lókè, ènìyàn máa ń gbọ́ òjò lára àpáta tí ó jìnnà kí ó tó dé orí ilé ẹni, pé ó ń bọ̀ láti orí òkúta dé orí òkúta bí ẹni tí ń rìn bọ̀, àti pé láti ìgbà tí àwọn ti wá sí ìsàlẹ̀, òjijì ni òjò kàn ń já lu òun. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó ń ṣàárò nìyẹn. Ó fẹ́ràn ibẹ̀, kò sì fẹ́ padà síbẹ̀.

Mo sọ èyí nítorí àwọn tí ìgbádùn ìlú ńlá ti sú, tí wọ́n ń wá abúlé orí òkè tí ariwo kò sí, tí wọ́n sì ń sọ pé àwọn baba wa mọ ayé jẹ jù wá lọ. Mo mọ bí Èkó ṣe ń rẹni, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ní àwọn abúlé oko tí ó wà láàárín àpáta ní ẹ̀yìn ìlú wa yìí, ibi tí ọ̀kadà ti ń dúró tí ẹsẹ̀ yóò ti gbà á, àwọn obìnrin ṣì wà lónìí tí wọ́n ń ru omi gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí aboyún bá sì ń rọbí lóru, ènìyàn ni yóò gbé e dé ibi tí mọ́tò wà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ dùn mọ́ àlejò. Èmi yóò fẹ́ kí àlejò náà kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó pọn omi tí wọ́n gbé fún un mu.

Òkúta tí ó tẹ́jú

Mo pe ọmọ àbúrò mi lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́ tí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí, ṣé a lè wá òkúta náà?"

Ó dé ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá. A kò gba ojú àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí oko rẹ̀ wà lápá ibẹ̀ ló ṣáájú wa, ó ń fi àdá la ọ̀nà. Òkúta tí orí wọn tẹ́jú pọ̀ lójú ọ̀nà náà, a sì ti kọjá bíi mẹ́rin tí wọ́n kúrú jù tàbí tí wọ́n ga jù. Níbi tí ọ̀nà ti rọ́ sókè tí mo ti ń fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún tí ewéko ti bò. Ọmọ àbúrò mi fi ọwọ́ gbá a mọ́. Orí rẹ̀ tẹ́, etí rẹ̀ kan sì ti jẹ díẹ̀, ó ń dán ju ìyókù lọ.

Ó ní kí n dúró tì í. Mo dúró. Ó dé àyà mi. Ìyá Àgbà kò ga tó mi.